Mo fẹ́ yọ tapólì orí kánópì ọkọ̀ mi kí n fi páànù rọ́pò rẹ̀: kí ni ó yẹ kí n ṣe?

Ará_Ọ̀bàIlé

Ẹ kú ojúmọ́, ẹ̀yin èèyàn wa. Kánópì kan wà níwájú ilé mi ní Ọ̀bà-Ilé, létí Àkúrẹ́ níbí, tí mo ń gbé ọkọ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Ó fẹ̀ ní mítà 3, ó gùn ní mítà 6, ẹsẹ̀ mẹ́fà ni ó ní. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ ni gbogbo egungun rẹ̀, bóòtì ni wọ́n sì fi so ó pọ̀, tí ó fi jẹ́ pé èèyàn méjì lè tú u palẹ̀ kí wọ́n sì gbé e lọ síbòmíràn. Tapólì ni wọ́n fi bò ó. Oòrùn ti jẹ tapólì náà gbẹ, ó ti ń ya ní ibi tí ó ti ń fara kan páìpù, nígbàkígbà tí òjò bá sì rọ̀, omi máa ń gún sí àárín rẹ̀ títí tí páìpù òkè á fi tẹ̀.

Èrò mi ni pé kí n má ra tapólì mìíràn mọ́, kí n kúkú fi páànù tí ó lágbára bò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n sì gbàgbé rẹ̀. Irú páànù wo ni ó dára? Báwo ni ó ṣe yẹ kí ó nípọn tó? Ṣé egungun tí ó wà nílẹ̀ yìí lè gbé e? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i kí ìjì àkọ́rọ̀ òjò tó dé.

Ọ̀gáWẹ́dà

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ wẹ́dà ni mo ń ṣe ní Àkúrẹ́, mo sì ti ṣe òrùlé irú èyí fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè iye owó páànù, ẹ bá mi lọ wo nǹkan méjì. Èkíní ni ohun tí ó di ẹsẹ̀ kánópì yẹn mú: ṣé wọ́n rì í mọ́ kọnkéré ni, àbí ó kàn dúró lórí ilẹ̀ pẹ̀lú àwo irin pẹlẹbẹ kékeré nídìí rẹ̀? Èkejì ni bí páìpù rẹ̀ ṣe nípọn tó. Ẹ tú bóòtì kan kí ẹ wo ẹnu páìpù náà. Èyí tí wọ́n fi ń ṣe kánópì tí a ń gbé kiri kì í sábà nípọn ju nǹkan bíi mílímítà 1 lọ, nítorí pé wọ́n fẹ́ kí ó fúyẹ́. Bí a bá gbé iná wẹ́dà sún mọ́ irú páìpù bẹ́ẹ̀, kíá ni yóò lu, ibi tí ó bá sì lu tí a dí padà ni yóò kọ́kọ́ ṣẹ́ lọ́jọ́ tí atẹ́gùn bá le.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò ni pé tapólì máa ń gba kánópì sílẹ̀ lọ́wọ́ ìjì. Bí atẹ́gùn bá ń jà, okùn rẹ̀ á já tàbí kí òun fúnra rẹ̀ ya, atẹ́gùn á sì gba ojú ihò yẹn kọjá lọ. Páànù tí a kàn dáadáa kì í ya. Nítorí náà, gbogbo agbára tí ìjì bá fi gbé e, orí bóòtì ni yóò bọ́ sí, láti orí bóòtì yóò bọ́ sí ẹsẹ̀, láti ẹsẹ̀ yóò bọ́ sí ilẹ̀, èyí tí kò bá sì lágbára tó nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò kọ́kọ́ jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Èmi kì í gbà láti kan páànù sórí kánópì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá wọlẹ̀, iye yòówù kí wọ́n fẹ́ san.

ÌyáAlágbàká

Ẹ ṣeun, ọ̀gá wẹ́dà, ṣùgbọ́n èrò tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Ní àdúgbò wa ní Alágbàká, páànù alumíníọ̀mù ni aládùúgbò kan fi bo ibi tí ó ń gbé ọkọ̀ sí. Ìjì ká a kúrò ní ìrọ̀lẹ́ kan tí òjò ọdún ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ó sì lọ balẹ̀ sórí ògiri ilé kejì. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò sí ọmọdé níta. Ohun tí gbogbo wa sọ lọ́jọ́ náà ni pé alumíníọ̀mù ti fúyẹ́ jù. Bí ẹ̀gbọ́n Ọ̀bà-Ilé bá ra páànù onírin tí ó nípọn, tí ó wúwo, ǹjẹ́ ìwúwo yẹn kò ní tẹ kánópì náà mọ́lẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ kiri?

Onímọ̀Ilé

Ìyá wa, ẹ kú àkíyèsí. Iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ilé kíkọ́ ni mo ń ṣe, mo sì máa ń gbọ́ ohun tí ẹ sọ yìí lẹ́nu àwọn èèyàn tí wọ́n gbọ́n dáadáa, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a gbé e lé orí ìṣirò, torí ọ̀rọ̀ tí ó lè gba ẹ̀mí ni.

Òrùlé tí ó fẹ̀ ní mítà 3, tí ó gùn ní mítà 6, jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 18. Páànù alumíníọ̀mù tí ó nípọn ní mílímítà 0.55 kì í wúwo tó kílò 2 lórí mítà onígun mẹ́rin kan, nítorí náà gbogbo rẹ̀ kò lè ju kílò 36 lọ. Páànù onírin tí ó nípọn ní mílímítà 0.5 á tó kílò 4 sí 5 lórí mítà onígun mẹ́rin kan, àpapọ̀ rẹ̀ á sì wà láàárín kílò 70 sí 90. Ẹ wá wo atẹ́gùn. Bí ó bá ń sáré ní kìlómítà 50 láàárín wákàtí kan, agbára tí ó ń tì lórí mítà onígun mẹ́rin kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwúwo kílò 12. Lórí gbogbo òrùlé yìí, ó ti lé ní kílò 200. Bí eré náà bá di kìlómítà 100, agbára rẹ̀ kò di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni ó ń dà, ìyẹn kílò 48 lórí mítà onígun mẹ́rin kan, èyí tí í ṣe nǹkan bíi kílò 860 lápapọ̀. Páànù wo ni a fẹ́ rà tí ìwúwo rẹ̀ á dojú kọ èyí?

Kánópì kò sì ní ògiri. Bí atẹ́gùn bá wọ abẹ́ rẹ̀, á máa ti òrùlé láti ìsàlẹ̀, èyí tí ó ń gba òkè kọjá á sì tún máa fà á, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe máa ń yí agboòrùn wa sódì lójú ọ̀nà. Ní etí òrùlé àti ní igun rẹ̀ ni agbára náà ti ń pọ̀ jù lọ, ìdí sì nìyẹn tí páànù fi máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ká láti etí. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò yín, ìyá wa, bí ó bá jẹ́ páànù onírin tí ó wúwo ni ó fò bẹ́ẹ̀, ògiri yẹn ì bá má kù. Ẹni tí ó bá fẹ́ òrùlé tí ó lágbára, ilẹ̀ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Oníkánópì

Mo ń fi kánópì yá àwọn tí wọ́n ń ṣe ìnáwó, mo sì fẹ́ kín ọ̀rọ̀ ọ̀gá wẹ́dà lẹ́yìn. Lẹ́nu iṣẹ́ tiwa, bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, tapólì ni àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ sáré tú, wọ́n á sì fi egungun sílẹ̀ ní ìdúró, nítorí pé atẹ́gùn kì í rí nǹkan kan dì mú lára egungun. A tún máa ń fi àpò yanrìn tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àpò yanrìn tó fún ìnáwó ọjọ́ kan tí èèyàn wà nítòsí tí ó ń ṣọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò tó fún òrùlé tí yóò wà níbẹ̀ lóru àti lọ́jọ́ tí onílé bá rìnrìn àjò. Ẹni tí ó bá fi páànù bo kánópì ti fi àǹfààní títú u kúrò lójú ìjì sílẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ wá nǹkan mìíràn tí yóò ṣe iṣẹ́ yẹn fún un.

Ará_Ọ̀bàIlé

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti lọ tú bóòtì kan, mo sì ti wo ìdí ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Páìpù náà tín-ín-rín lóòótọ́. Orí òkúta interlock ni àwọn ẹsẹ̀ náà dúró sí, ìṣó gbọọrọ ni wọ́n sì fi kàn wọ́n mọ́ àlàfo àárín òkúta; ọwọ́ ni mo fi fa ọ̀kan nínú rẹ̀ jáde. Ó ti yé mi pé ẹsẹ̀ tuntun ni a ó ṣe.

Báwo ni ihò tí a ó gbẹ́ ṣe yẹ kí ó tóbi tó? Mo rí àwọn kan tí wọ́n kàn fi bóòtì de irin mọ́ ilẹ̀ kọnkéré àgbàlá wọn láìgbẹ́ nǹkan kan. Ṣé ìyẹn kò tó? Kí ni mo sì lè fi páìpù àtijọ́ ṣe?

Onímọ̀Ilé

Ẹ ṣí òkúta interlock ní ibi ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ gbẹ́ ihò tí ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 50 ní òró àti ní ìbú, kí ó sì jìn ní sẹ̀ǹtímítà 60. Mítà kúbíìkì kọnkéré kan ń wúwo tó kílò 2,400, nítorí náà èyí tí ó bá kún ihò kan á tó kílò 360, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á sì lé ní kílò 2,100. Ó ju ìlọ́po méjì kílò 860 tí mo sọ lókè lọ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi àlékún yẹn sílẹ̀, torí pé ìjì kì í pín agbára rẹ̀ dọ́gba fún ẹsẹ̀ mẹ́fà, èyí tí ó bá kọ́kọ́ kojú rẹ̀ máa ń gbà ju àwọn yòókù lọ.

Sìmẹ́ǹtì ọ̀nà kan, yanrìn ọ̀nà méjì, òkúta wẹ́wẹ́ ọ̀nà mẹ́rin ni kí bíríkìlà pò pọ̀. Nǹkan bí àpò sìmẹ́ǹtì 6 ni gbogbo rẹ̀ á gbà. Ẹ dúró tì í kí ó má bu omi jù sí i nítorí kí ó lè rọ̀ lọ́wọ́; omi àpọ̀jù ni ó ń sọ kọnkéré di ohun tí ìṣó ń wọ̀ bí ó bá gbẹ tán. Ẹ máa wọ́n omi sí i lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 7 ó kéré tán, kí ẹ má sì gbé òrùlé lé e kí ọjọ́ yẹn tó pé. Yóò máa le sí i títí di ọjọ́ 28 àti lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí orí kọnkéré náà yọ sókè ilẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, kí wọ́n sì fi ọwọ́ dá a ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí omi má lè dúró nídìí irin, nítorí pé ibi tí irin ti pàdé ilẹ̀ ni ó ti máa ń dípẹtà kíákíá.

Ní ti àwọn tí wọ́n de irin mọ́ ilẹ̀ àgbàlá, ilẹ̀ kọnkéré àgbàlá lọ́dọ̀ wa kì í sábà nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, kì í sì í ní irin nínú. Bí ìjì bá fa bóòtì náà sókè, á ṣí wàlá kọnkéré kékeré kan tẹ̀ lé e. Interlock kò tilẹ̀ yẹ ní ohun tí à ń ronú kàn.

ỌmọÌdànrè

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn tí ilẹ̀ wọn kò ṣe é gbẹ́. Ní Ìdànrè tiwa, àti ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Àkúrẹ́ pàápàá, èèyàn lè gbẹ́lẹ̀ tí kò tó ìgbọ̀nwọ́ kan kí ó ti kan àpáta. Ohun tí mo máa ń rí ni pé àwọn òṣìṣẹ́ á dúró níbẹ̀, wọ́n á ní àpáta ti gbà á, wọ́n á sì da kọnkéré pẹlẹbẹ lé e lórí. Ohun tí a nílò níbí kò ju kí ilẹ̀ má jẹ́ kí ẹsẹ̀ gbéra, kọnkéré pẹlẹbẹ tí ó kàn jókòó lórí àpáta kò sì ní agbára kankan ju ìwúwo ara rẹ̀ lọ.

Ohun tí ó yẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi òòlù lù ú. Bí ó bá dún gan-an-gan, àpáta gidi ni. Ẹ fi ẹ̀rọ lu ihò sínú rẹ̀, kí ó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 30, ẹ nu eruku inú rẹ̀ kúrò pátápátá, kí ẹ wá fi ọ̀pá irin mílímítà 16 sí i pẹ̀lú àpòpọ̀ sìmẹ́ǹtì tí ó le, kí ọ̀pá náà sì yọ sókè wọnú kọnkéré tí ẹ ó dà lé e. Bí ó bá dún bọ̀bọ̀ tí ó sì ń hó, àpáta tí ó ti jẹrà ni. Ẹ má gbára lé e. Ẹ gbẹ́ ẹ kọjá.

Ayálégbé_Oǹdó

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlú Oǹdó ni mo ń gbé, ilé ìyálò sì ni. Ìdí tí mo fi ra kánópì tí ó ṣe é gbé ni pé onílé kò fẹ́ kí ayálégbé kọ́ nǹkan sínú àgbàlá rẹ̀, bí mo bá sì kó lọ, mo fẹ́ kó òrùlé mi dání. Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ yìí jẹ mọ́ ẹni tí ó ni ilẹ̀. Kí ni kí àwa tí a kò nilẹ̀ ṣe?

Ọ̀gáWẹ́dà

Ọ̀nà wà, ọ̀nà náà sì dára fún ẹ̀gbọ́n Ọ̀bà-Ilé pẹ̀lú. Kọnkéré nìkan ni a ó gbìn, a kò ní gbin ẹsẹ̀. Nígbà tí kọnkéré bá ṣì tutù, a ó ri bóòtì gbọọrọ mẹ́rin tí ó jẹ́ mílímítà 16 sínú rẹ̀, èyí tí a ti tẹ ìdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kí ó má lè yọ. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà fi pátákó tí ó lu ihò mẹ́rin di àwọn bóòtì náà mú títí tí kọnkéré á fi gbẹ, nítorí bí ọ̀kan bá yẹ̀ díẹ̀, ẹsẹ̀ kò ní wọlé mọ́. Ẹsẹ̀ irin á wá ní àwo tí ó nípọn ní mílímítà 10 nídìí, àwo náà á sì wọ orí bóòtì, nọ́ọ̀tì méjì méjì ni a ó fi dè é. Bí ẹ bá ń kó lọ, ẹ tú nọ́ọ̀tì, ẹ kó ẹsẹ̀ àti òrùlé, ẹ gé orí bóòtì kúrò, kí ẹ fi sìmẹ́ǹtì dán ojú ibẹ̀. Ohun tí ó kù fún onílé kò ju kọnkéré mẹ́fà tí ó dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀ lọ. Nítorí náà, fún ayálégbé, ẹ má jẹ́ kí orí rẹ̀ yọ sókè púpọ̀, kí ẹ sì kun ìdí irin dáadáa dípò rẹ̀. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ onílé ní kíkọ sílẹ̀. Bí kò bá gbà rárá, èmi á ní kí ẹ fi páànù sílẹ̀. Ẹ ra tapólì tí ó nípọn dáadáa, ẹ jẹ́ kí àárín rẹ̀ ga kí omi lè máa ṣàn, kí ẹ sì máa tú u nígbà tí ìjì bá ń bọ̀.

Ní ti egungun tuntun, páìpù onígun mẹ́rin tí ó jẹ́ mílímítà 75, tí ara rẹ̀ nípọn ní mílímítà 3, ni kí ẹ lò fún ẹsẹ̀. Ní ibi tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti pàdé irin òkè, ẹ fi irin kékeré dábùú ní ìdágẹ̀rẹ́ kí ó di igun mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ oníbàárà máa ń ní kí n yọ irin ìdágẹ̀rẹ́ yìí kúrò nítorí pé kò wù wọ́n lójú. N kì í yọ ọ́. Láìsí i, gbogbo òrùlé náà á máa mì sọ́tùn-ún sósì títí tí ojú ibi tí a jó pọ̀ á fi sán.

Páìpù àtijọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ lè fi ṣe ọgbà ewéko tàbí ibi tí a ń sá aṣọ sí, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọ̀kankan nínú rẹ̀ sí òrùlé yìí. Páìpù tí wọ́n fi síǹkì bò nílò ìṣọ́ra mìíràn pẹ̀lú. Bí iná wẹ́dà bá kàn án, èéfín funfun á jáde, èéfín yẹn sì máa ń fa ibà àti òtútù sára ẹni tí ó bá fà á símú. Kí wẹ́dà yín kọ́kọ́ rin síǹkì náà kúrò ní ojú ibi tí yóò jó, kí ó ṣiṣẹ́ ní gbangba níbi tí atẹ́gùn wà, kí ó sì fi ọ̀dà tí ó ní síǹkì nínú kun ibẹ̀ padà.

ÌyáAlágbàká

Onímọ̀ Ilé, mo ti ka ìṣirò yín, mo sì ti sọ fún aládùúgbò wa pé kí ó wo ìdí ẹsẹ̀ tirẹ̀ kí ó tó ra páànù mìíràn. Ní báyìí tí ilẹ̀ ti yanjú, ẹ wá dáhùn ìbéèrè tí ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ béèrè: páànù wo? Èmi náà ń ro ti dánpálọ́n, páànù oníke tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, torí pé ó ń wù mí lójú.

Onímọ̀Ilé

Alumíníọ̀mù mílímítà 0.55, èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní longspan, ni èmi á yàn fún òrùlé yìí. Kì í dípẹtà bí irin, ó fúyẹ́ débi pé egungun kò ní rẹ̀, ó sì ń dá ooru oòrùn padà. Páànù onírin tí ó nípọn tí wọ́n kùn dáadáa náà dára, àmọ́ èyí tí ó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí owó rẹ̀ kéré a máa dípẹtà láti ojú ìṣó. Ohun kan ni kí ẹ ṣọ́ lára alumíníọ̀mù: bí ó bá fara kan irin lásán tí omi sì wà láàárín wọn, á máa jẹ lójú ibẹ̀, sìmẹ́ǹtì tútù náà sì máa ń jẹ ẹ́. Nítorí náà, ẹ kun gbogbo egungun tán kí ẹ tó gbé páànù gorí rẹ̀, kí ẹ sì parí iṣẹ́ bíríkìlà ṣáájú.

Dánpálọ́n lẹ́wà lóòótọ́, ìyá wa. Àmọ́ oòrùn tí ẹ ń sá fún ni yóò máa gbà wọlé, ooru abẹ́ rẹ̀ sì máa ń ju ti abẹ́ alumíníọ̀mù lọ. Ó tún máa ń gùn bí ooru bá mú un. Èyí tí ó bá jẹ́ mítà 6 lè fi nǹkan bíi mílímítà 12 gùn sí i láàárín òwúrọ̀ tútù àti ọ̀sán gangan, ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí ihò ara rẹ̀ fẹ̀ ju súkúrù lọ. Ojú kan ṣoṣo ni wọ́n sábà ń fi ohun tí ó ń dènà oòrùn bò, ojú yẹn ni kí ó kọ sókè. Bí wọ́n bá dojú rẹ̀ délẹ̀, kò ní pẹ́ pọ́n kí ó sì máa sán.

Ọ̀gáWẹ́dà

Ẹ jẹ́ kí n fi ti kíkàn rẹ̀ kún un. Ẹ jẹ́ kí òrùlé náà dà sí ẹ̀gbẹ́ kan: fún fífẹ̀ mítà 3, kí apá kan fi sẹ̀ǹtímítà 30 ga ju èkejì lọ. Àwọn irin tí páànù á sùn lé, ẹ má jẹ́ kí àlàfo wọn ju sẹ̀ǹtímítà 90 lọ. Súkúrù tí ó ní rọ́bà lábẹ́ orí ni kí ẹ lò. Ní etí òrùlé yípo, gbogbo ìgbì ara páànù ni kí ó ní súkúrù. Ní àárín, ẹ lè máa fo ọ̀kan kan. Kí páànù má yọ síta kọjá irin ìkẹyìn ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ, nítorí etí tí ó bá yọ jù ni ìjì ń dì mú. Àlùmọ́gàjí páànù ni kí wọ́n fi gé e. Ẹ̀rọ tí ó ń ta iná a máa jó ọ̀dà etí rẹ̀. Bí wọ́n bá ti lu ihò tán, kí wọ́n gbá gbogbo èérún irin kúrò lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí bí òjò kan bá rọ̀ sí i, àmì ìpẹtà ti balẹ̀ nìyẹn.

Oníkánópì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi nǹkan dí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ wá ṣí iwájú rẹ̀ sí ìlà oòrùn. Ìlà oòrùn ni ìjì òjò wa sábà máa ń gbà wá, ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò àti nígbà tí ó bá ń parí lọ. Bí ó bá wọlé tí kò rí ibi jáde, òrùlé ni yóò fi ṣe ọ̀nà. Ẹ fi gbogbo ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀ ní gbangba.

Ará_Ọ̀bàIlé

Mo ti pinnu. Kọnkéré mẹ́fà pẹ̀lú bóòtì, ẹsẹ̀ tuntun, alumíníọ̀mù 0.55. Apá tí ó dojú kọ àgbàlá mi ni mo fẹ́ kí òrùlé dà sí kí omi má ṣàn sọ́dọ̀ aládùúgbò, mo sì fẹ́ fi gọ́tà sí i kí ó máa dà sínú tánkì, torí pé kànga wa máa ń fà nígbà ọyẹ́. Ẹ sọ bí tánkì náà ṣe yẹ kí ó tóbi tó fún mi. Ohun tí ó kù ni pé wáyà iná kan gba òkè ibẹ̀ kọjá láti orí òpó wá sí ilé mi. Ṣé iṣẹ́ wẹ́dà lè bẹ̀rẹ̀ báyìí?

Onímọ̀Ilé

Òjò mílímítà 1 lórí mítà onígun mẹ́rin 1 jẹ́ lítà omi 1. Òjò ńlá tí ó tó mílímítà 50 á fún yín ní lítà 900 lórí òrùlé yìí, nítorí náà tánkì lítà 1,000 tó. Ẹ jẹ́ kí omi àkọ́kọ́ ṣàn dànù, eruku ọyẹ́ àti ìgbẹ́ ẹyẹ ni ó ń kó wá. Ẹ fi lílò rẹ̀ mọ sí fífọ aṣọ, fífọ ọkọ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ọ̀gáWẹ́dà

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé irin gígùn sókè lábẹ́ wáyà yẹn. Ẹ pe àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ iná kí wọ́n gé e kúrò tàbí kí wọ́n gbé e gba ibòmíràn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá ṣe é gbé, ẹ sún òrùlé náà kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé ọkọ̀ jìnnà ní gbogbo ọjọ́ tí a bá ń jó irin, nítorí pé ẹ̀tapárá iná ń fò dé ibi tí ojú kò retí, ó sì máa ń bà gíláàsì ọkọ̀ jẹ́, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti epo inú rẹ̀. Bí a bá parí, ẹ tún nọ́ọ̀tì ìdí ẹsẹ̀ dè lẹ́yìn ìjì àkọ́kọ́, kí ẹ sì máa yẹ̀ wọ́n wò lọ́dọọdún kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.